Etí Ló Rán Ìyá Àgbà Níṣẹ́

Nínú ìwé ètò ìsìnkú Ìyá Àgbà, wọ́n kọ ọ́ pé onírẹ̀lẹ̀ ni wọ́n, pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, pé ìfẹ́ ilé Ọlọ́run nìkan ló gba ọkàn wọn. Mo kà á tán, ẹ̀rín pa mí. Àbúrò Mọ́mì tó kọ ọ́ fojú bá mi wí, mo sì gbé ẹnu mi dákẹ́, torí ilé ọ̀fọ̀ la wà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń sọ? Ìyá Àgbà tí mo mọ̀ ní Lálúpọn bá olórí akọrin jà. Wọ́n bá olóòtú rédíò jà láìrí i sójú rí. Wọ́n sì ń bá Ìyá Sùúrà, ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, jà lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Ilé Ọlọ́run, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n orin ni wọ́n fi ọkàn fún, àgàgà orin Sàká Ọmọ Àgbẹ̀, ẹni tó ń ta agídìgbo tó sì ń fi ohùn pìtàn.

Mo fẹ́ kọ tèmi sílẹ̀ kó tó di pé ìwé ètò yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù.

Nígbà tí wọ́n kú, ohun kan ló ń da Mọ́mì láàmú ju owó pósí lọ: aṣọ wo la ó wọ̀ fún wọn? Ìjọ aláṣọ funfun la wà. Sùtánà funfun ni wọ́n fi ń sin ọmọ ìjọ, ẹni tí wọn kò bá sì fi í sin, gbogbo ìlú ló máa mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà kò sì ní sùtánà nílé. Ìjọ ti gbà á lọ́wọ́ wọn láti ọdún pípẹ́, wọn kò dá a padà. Nígbà tí àìsàn tó pa wọ́n le, Mọ́mì ní kí àwọn lọ dá tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀. Ìyá Àgbà la ojú. Wọ́n ní, "Aṣọ tèmi ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún mi. Tí wọn ò bá fún yín, ẹ má rán òmíràn. Ẹ wọ bùbá àti ìró mi fún mi, kí n máa bá tèmi lọ."

Kí wọ́n tó gba aṣọ lọ́wọ́ àgbàlagbà, ohun tó ṣe á ti ju kékeré lọ. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Iṣẹ́ gàrí ni Ìyá Àgbà ń ṣe, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì gbé títí mo fi wọ girama. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni ẹ̀gẹ́ ti ń di gàrí. Wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro tán, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá yan án nínú agbada ńlá lórí ààrò. Rédíò kékeré kan máa ń wà lórí ògiri kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò náà. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ti sọnù, okùn ni wọ́n fi so bátìrì mọ́ ọn. Bí bátìrì bá ti ń kú, wọ́n á tú u síta, wọ́n á tò ó sórí páànù kó yá oòrùn, á sì tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Láàárọ̀ Sátidé tí ètò orin ìbílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kan á máa ro gàrí, ọwọ́ kejì á wà lókè. Ọwọ́ tó wà lókè yẹn, ìkìlọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la ẹnu. Wọn kì í jó o, wọn kì í sì í jùdí rárá. Wọ́n ní ẹni tó ń jó kì í gbọ́ nǹkan kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbọ́. Mo rántí ọjọ́ tí Mọ́mì sáré wá láti Ìbàdàn wá sọ fún wọn pé mo ti yege ìdánwò, pé mo máa wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà tayọ̀tayọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ bá mi yọ̀!" Ìyá Àgbà kò wẹ̀yìn. Ọwọ́ wà lókè. Wọ́n ní, "Dúró ná, Mojí. Sàká ń sọ̀rọ̀."

Orin kan wà tí Sàká kọ nípa obìnrin tó lọ pọnmi lódò tí kò tètè dé. Òjò ṣú, ọkọ rẹ̀ ń pè é, ọmọ rẹ̀ ń sunkún nílé, odò ń kún. Orin náà gùn. Odindi ojú kan ló gbà lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, àwa ò sì ní ẹ̀rọ tó ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù. Rédíò la gbójú lé, rédíò kò sì ní sùúrù. Bí obìnrin náà bá ti gbé ẹsẹ̀ lé orí afárá báyìí, tí igi afárá bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, olóòtú á gé e, á ní àkókò ti tó fún ìkéde ìsìnkú. Àìmọye ìgbà ni mo gbọ́ orin yẹn ní ẹ̀yìnkùlé wa, n kò gbọ́ kí obìnrin náà kọjá orí afárá rí. Ìyá Àgbà á ju igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Àwọn òkú yìí, ṣé wọn ò lè dúró díẹ̀ ni? Kí ni wọ́n tún ń kánjú sí?"

Ìyá Sùúrà mọ bí orin náà ṣe parí. Ògiri kan ló là wá láàárín, Mùsùlùmí ni wọ́n, gàrí làwọn náà ń yan, wọ́n sì fẹ́ràn òde ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ti gbọ́ Sàká lójúkojú níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Mọ́níyà. Láti ọjọ́ yẹn ni ìparí orin náà ti ń yún wọn lẹ́nu.

"Ìyá Mojí, ṣé kí n sọ ọ́? Nígbà tó dórí afárá..."

Ìyá Àgbà á fi ìka tó kún fún gàrí di etí méjèèjì. "Má sọ ọ́! Mo ní má sọ ọ́! Ẹnu ẹni tó ni ín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ohun tí wọ́n fẹ́ láyé yìí kò ju ìyẹn lọ, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ bóyá obìnrin yẹn délé.

Ẹ má rò pé wọn kò gbìyànjú. Wọ́n gbìyànjú o. Ìgbà kan, mọ́tò kan ń fi gbohùngbohùn kéde káàkiri pé Sàká ń bọ̀ wá ṣeré ní Mọ́níyà lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀sán ni, kò sí ewu alẹ́ níbẹ̀. Ìyá Àgbà ti yọ aṣọ jáde nínú àpótí. Àṣé àwọn tó fẹ́ kó ẹ̀gẹ́ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti yí i padà, wọ́n kó o dé nígbà tí ọjọ́ ọjà ku ọjọ́ méjì. Ẹ̀gẹ́ sì ti wà nínú àpò lábẹ́ jáàkì, ọjọ́ ọjà gan-an ló yẹ kí wọ́n yan án. Bó bá fi di ọjọ́ kejì, á kan kọjá ààlà, á sì le gbagidi. Ìyá Sùúrà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn tuntun lọ́rùn.

"Fi gàrí sílẹ̀, jàre. Ṣé gàrí ló bí ọ ni?"

Ìyá Àgbà wo aṣọ tó wà lórí okùn, wọ́n wo jáàkì. Wọ́n ká aṣọ padà sínú àpótí. Wọ́n ní, "Ẹ̀gẹ́ tó ti wà lábẹ́ jáàkì kò mọ̀ pé Sàká dé."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Sùúrà dé, ẹnu wọn ò sì gbófo. Wọ́n ròyìn ẹni tó wọ léèsì, ẹni tó wọ àdìrẹ, ẹni tí gèlè rẹ̀ já lójú agbo. Wọ́n ní ẹran pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Ìyá Àgbà fara balẹ̀, wọ́n ń retí. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Sùúrà ní, "Ohùn ta ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn kò fi kí ara wọn lórí ògiri, tí èmi sì ń gbé iyọ̀ àti iná láti ọ̀dọ̀ ẹnì kìíní lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. "Orin ni mo bi ọ́, o ń ka aṣọ fún mi," Ìyá Àgbà wí.

Ìgbà mìíràn, ayé ọ̀wọ́n epo ni. Àwọn tó mọ ìgbà náà á rántí bí mọ́tò ṣe ń sùn nílé epo. Sàká fẹ́ ṣeré nínú ìgboro Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, èmi náà sì wà ní Lálúpọn fún họ́lídè. Ìyá Àgbà wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n gbé àpótí ìjókòó kékeré dání, torí wọ́n ní àwọn tó ń ṣètò òde kì í rántí àga fún arúgbó. A jókòó sí gáréèjì. Mọ́tò kan kò yọ. Ọlọ́kadà kan ní kí wọ́n gun ẹ̀yìn òun, òun á gbé wọn dé Ìwó Róòdù. Wọ́n wo ọ̀kadà látòkè délẹ̀, wọ́n wo ojú ọmọkùnrin náà tó ti pọ́n. Wọ́n ní, "Sàká ò tíì dùn tó yẹn, ọmọ mi." A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, àwọn obìnrin ń kí wa láti ojúde ilé wọn. "Ẹ kú àbọ̀ o, Ìyá Mojí! Òde ńkọ́?" Ẹlòmíràn ì bá kàn dáhùn pé ó dùn, kó sì kọjá lọ. Ta ló máa wádìí? Ìyá Àgbà dúró níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣàlàyé. Ó sú mi, ebi ń pa mí. "N kò dé òde," wọ́n ń wí. "Gáréèjì ni mo dé."

Ìwà wọn nìyẹn, òun gan-an ló sì kó wọn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Wọ́n lè dákẹ́, wọ́n lè gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa dárúkọ. Mọ́mì ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, pé ó sì ti dójú ti òun lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, etí yẹn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Nígbà ìkórè ọdún kan, olórí akọrin ra dùùrù oníná, ó ní kò sí ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe, ó ń lù bí ìlù, ó ń fọn bí fèrè. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà kò pàtẹ́wọ́. Olórí akọrin fúnra rẹ̀ ló wá bi wọ́n, ó rò pé òun máa gba oríyìn. Wọ́n ní, "Nǹkan yìí ń kọrin dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í mí." Inú bí i, ó fẹjọ́ wọn sun Bàbá Alákòóso.

Bàbá Alákòóso ni olórí ìjọ wa. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ga, ohùn wọn kì í sáré, wọ́n sì le lórí òfin ìjọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn Ìyá Àgbà. Gbogbo ìjọ mọ̀ pé nígbà tí àyájọ́ ìjọ bá dé, Ìyá Àgbà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ Ìyá Ìjọ, olórí gbogbo obìnrin. Mọ́mì tiẹ̀ ti ń wo àga tí wọ́n máa jókòó sí níwájú pẹpẹ. Nítorí náà, bí ẹjọ́ dùùrù ṣe dé iwájú Bàbá, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ẹ bá wa ṣe sùúrù fún àwọn ọmọ, Ìyá Mojí."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà kí ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tó mú Sàká wá sí Lálúpọn fúnra rẹ̀.

Wọ́n ń wá owó tí wọ́n máa fi kan òrùlé ilé ìwòsàn. Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lò, pápá náà sì dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, erùpẹ̀ pupa bo gbogbo nǹkan. Láti orí ìjókòó wa la ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dán gbohùngbohùn wò, lẹ́yìn náà la gbọ́ agídìgbo. Mo wo Ìyá Àgbà. Wọ́n di Bíbélì mú, ìka ẹsẹ̀ wọn ń mì lórí ilẹ̀.

Ìsìn ọjọ́ náà kọ̀, kò parí. Bàbá Alákòóso pe orin kan, wọ́n tún pe òmíràn. A gbàdúrà fún ìjọba, a gbàdúrà fún àwọn tó wà lórí omi, nínú ìlú tí kò ní odò ńlá kankan. A tún kọrin. Nígbà tí wọ́n wá sọ oore-ọ̀fẹ́ tán, Sàká ti bẹ̀rẹ̀. Orin obìnrin tó lọ pọnmi ló sì bẹ̀rẹ̀.

Ilé wa wà ní ìpẹ̀kun ìlú lápá kejì. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ò ní lọ pààrọ̀ aṣọ?"

"Kí n lọ, kí n bọ̀, obìnrin yẹn á ti dé orí afárá, Àjọkẹ́. Yà fún mi."

Wọ́n sọdá títì. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi wọ pápá, nínú aṣọ funfun gbòò láti ọrùn dé kókósẹ̀, fìlà funfun lórí. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi etí wá ibi tí ohùn náà ti dára jù, wọ́n sì ń lọ tààrà síwájú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní ìlú tí aláṣọ funfun wà, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá jáde nínú sùtánà, tó ń rìn láìwẹ̀yìn, tí kò kí èèyàn, kí làwọn èèyàn máa rò? Wọ́n á ní ó ríran ni. Wọ́n á ní Olúwa ló rán an níṣẹ́ sí ẹnì kan. Kò sì tíì pẹ́ nígbà náà tí wòlíì obìnrin kan lọ kìlọ̀ fún awakọ̀ kan ní gáréèjì, tí awakọ̀ náà fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí mọ́tò rẹ̀ sì gbókìítì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnì kan pariwo, "Ẹ yà fún wọn! Wọ́n rán wọn níṣẹ́!" Èrò là sí méjì. Àwọn tó ń jó dúró. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Sàká rí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kú lórí agídìgbo. Orin náà dákẹ́, ẹ sì gbà mí gbọ́, orí afárá gan-an ló ti dákẹ́. Rédíò ló ń gé e látọjọ́ yìí, Ìyá Àgbà fúnra wọn ló tún wá gé e!

Sàká sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn sísanra ni, òógùn bò ó. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. "Ìyá mi," ó ní, gbohùngbohùn sì gbé ohùn rẹ̀, "kí lẹ rí? Ṣé ikú ni? Ẹ má fi bò fún mi."

Ìyá Àgbà wo ẹ̀yìn wọn, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Mo ti mọ̀ láti kékeré pé kò ṣòro láti sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ẹ ní kó fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀. Ẹ ní kó ṣọ́ra fún ìrìn àjò. Á dúpẹ́, àwọn èèyàn á ṣe àmín, ìjọ pàápàá á gbé yín gẹ̀gẹ̀.

"Olúwa kò rán mi níṣẹ́, ọmọ mi," Ìyá Àgbà wí. "Etí mi ló rán mi. Jọ̀ọ́, máa bá a lọ láti orí afárá."

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀, pápá bú sẹ́rìn-ín! Sàká fúnra rẹ̀ jókòó sínú erùpẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó dìde, ó ní, "Ẹ gbé àga fún etí Ìyá!" Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù ti àwọn àlejò pàtàkì wá. Ìyá Àgbà kọ̀ ọ́, wọ́n ní tìmùtìmù máa ń gbé oorun wá. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú agídìgbo, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n di ojú. Sàká sì bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá. Mo wo ojú Ìyá Àgbà títí orin náà fi parí. Ojú náà dán, ó sì balẹ̀, n kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Bí orin náà ṣe tán, wọ́n dìde, wọ́n ní ó yá. Sàká ṣì ń ṣeré lọ. Wọn kò dúró.

Ìyá Sùúrà lọ sí Ìwó lọ́jọ́ náà, ó sì dùn wọ́n wọra. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n na ọrùn kọjá orí ògiri. "Wàláhì, wọ́n ní o dá pápá rú. Ṣé o wá gbọ́ ọ dópin?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó délé. Kì í ṣe ọ̀nà tó bá lọ ló bá bọ̀, ṣùgbọ́n ó délé." Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà yíjú. "O ò sì sọ fún mi láti ọjọ́ yìí pé ó délé."

"Èmi! Súbúhánà! Ìwọ lo ní kí n má sọ!"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn àgbà ìjọ pè wọ́n. Mọ́mì bá wọn lọ, lẹ́nu Mọ́mì ni mo sì ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní Ìyá Àgbà wọ aṣọ mímọ́ lọ síbi orin ayé, níbi tí wọ́n ti ń mu ọtí. Bàbá Alákòóso gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fẹ́ ran Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Mo sọ fún àwọn ará pé bóyá ẹ lọ wàásù fún wọn ni, Ìyá Mojí. Àbí ìwàásù kọ́ lẹ lọ ṣe?" Mọ́mì ní òun fi ìgúnpá gún Ìyá Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni Ìyá Àgbà máa sọ, ìjọ á gbé àga Ìyá Ìjọ fún wọn.

"Rárá o, Bàbá. Orin ni mo lọ gbọ́."

"Ẹ ò tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Olúwa fún ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀?"

"Ẹnu mi ò ráyè, Bàbá. Etí mi ló ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n gba sùtánà náà lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀, bó ṣe wà láìtíì fọ̀, nínú báàgì tí wọ́n ní kí Mọ́mì fi gbé e wá. Wọ́n ní ọjọ́ tí Ìyá Àgbà bá wá sọ níwájú ìjọ pé àwọn kábàámọ̀ lílọ náà, wọ́n máa gbà á padà. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Mo kábàámọ̀ aṣọ tí mo wọ̀ lọ, torí ó da jìnnìjìnnì bo àwọn èèyàn. Ìyẹn, ẹ foríjì mí. Ṣùgbọ́n lílọ tí mo lọ, ẹ má bi mí, torí tí ẹ bá bi mí, mà á dáhùn."

Ẹlòmíràn ló jẹ Ìyá Ìjọ. Ìyá Àgbà bọ́ sí ẹ̀yìn, sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sí ìjọ ń jókòó. Wọn kò pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ. Ìró àti bùbá ni wọ́n ń wọ̀ láàárín gbogbo funfun yẹn, inú sì ń bí mi. Mo sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ kan pé ẹ̀tẹ́ ni. Wọ́n ní ó dun àwọn náà, àwọn ò ní purọ́, pé àwọn máa ń rántí aṣọ yẹn lálaalẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ tọ́ mi lórúnkún. "Ṣùgbọ́n iwájú lèèyàn ti ń rí nǹkan, Àjọkẹ́. Ẹ̀yìn lèèyàn ti ń gbọ́ ọ."

Sàká tún wá sí agbègbè wa lẹ́yìn ìgbà náà. Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lọ mọ́, wọn kò sì banú jẹ́. Gàrí pàápàá, Ìyá Sùúrà ló ń bá wọn yan án.

Wọ́n kú ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan. Mọ́mì ti gbé bùbá àti ìró aláwọ̀ búlúù sórí ibùsùn, ó ń sunkún sí i lára. Kò ì tíì dọ̀sán tí Bàbá Alákòóso wọlé. Àwọn nìkan ni. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, nǹkan kan wà nínú ọ̀rá lábẹ́ apá wọn. Mọ́mì kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n na ọ̀rá náà sí i.

Mọ́mì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ìjọ ló rán yín?"

"Ìjọ kò rán mi," wọ́n ní.

Wọ́n jókòó sórí àga tí mo gbé fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún, àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fa ìsìn náà gùn ni, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àyè lọ sí pápá. Wọ́n ní nígbà tí gbogbo ìjọ túká, àwọn wọ yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ láti bọ́ aṣọ, àwọn ṣí fèrèsé, àwọn sì dúró síbẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ dópin," wọ́n ní. "Obìnrin yẹn délé, àbí kò délé?"

"Ó délé, Bàbá," èmi ni mo dáhùn.

"Ó délé. Mo gbọ́ ọ. Mo wá jókòó sórí àga, mo gba aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó sọ òótọ́." Wọ́n fi ìnujú bo ojú. Mọ́mì tó ti bínú sí wọn láti ọdún yẹn wá ló ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sunkún mọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ, a tú aṣọ náà. Nínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á, bí wọ́n ṣe gbà á ni wọ́n ṣe jù ú síbẹ̀. Funfun rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀. Ìdí rẹ̀ àti etí rẹ̀ nísàlẹ̀ pupa fún erùpẹ̀ pápá, níbi tí Ìyá Àgbà ti jókòó na ẹsẹ̀ síwájú agídìgbo. Mọ́mì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó ní kí n tètè lọ bu omi wá, kí n mú ọṣẹ.

Ìyá Sùúrà wà ní igun yàrá, níbi tí wọ́n ti jókòó láti ìdájí láìjẹ láìmu. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di aṣọ náà mú.

"Má fọ̀ ọ́, Mojí," wọ́n ní. "Bí o bá fọ̀ ọ́, o ti bá a parọ́ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ̀ ọ́ fún wọn, pẹ̀lú erùpẹ̀ létí aṣọ.